Tínà Kì Í Ṣe Ọṣẹ

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ mọ́ mi lẹ́nu: nínú gbogbo ohun tí à ń fi ọwọ́ ara wa bà jẹ́ ní Èkó yìí, èyí tí à ń bà jẹ́ lórúkọ ìmọ́tótó ló dùn mí jù. Olè kò jí i, iná kò jó o, àgbàrá kò gbé e lọ. Àwa náà la gbé e kalẹ̀, a bu tínà sí i, a fi sáńpépà ha á, a wá ń rẹ́rìn-ín pé ó ti mọ́. Ó mọ́ lóòótọ́. Ó mọ́ bí ilé tí àwọn olè ti kó tán ṣe máa ń mọ́.

Ẹni tó bá ń gbé láàárín Okokomaiko, Ìbà àti Ọ̀jọ́ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà wa ni ẹrù tòkunbọ̀ ń já sí. Ọjà Àlàbá kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yẹ ẹrù wò ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016. Wọ́n ní nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún kan, ilẹ̀ Yúróòpù ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, fíríìjì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín àwọn wọ̀nyí, ohun ìṣeré àwọn àgbà á yọjú: tábìlì sínúkà, ẹ̀rọ olórin tí wọ́n ń sọ owó sí, àti pínbọ́ọ̀lù. Orí pínbọ́ọ̀lù yìí ni mo fẹ́ dúró lé lónìí, nítorí pé òun ni tínà wa kì í ṣàánú fún rárá.

Ẹni tí kò bá rí i rí, kó fojú inú wo bẹ́ẹ̀dì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí orí rẹ̀ ga díẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, tí wọ́n fi gíláàsì bò lójú. Lábẹ́ gíláàsì náà ni pákó kan wà tí wọ́n ya àwòrán mèremère sí, tí iná kéékèèké ń tàn wá láti abẹ́ rẹ̀. Ẹ ó fa irin kan, sípíríǹgì á ta bọ́ọ̀lù irin sókè, bọ́ọ̀lù á máa yí bọ̀ nísàlẹ̀, á kọ lu èyí, á kọ lu tọ̀hún, aago á máa dún. Apá kéékèèké méjì ló wà nísàlẹ̀. Àwọn lẹ ó fi gbá a padà kó má baà já sínú ihò. Bó bá já sínú ihò, ó tán nìyẹn. Ojú tó yá àti ọwọ́ tó yá ló ń ta á, bó ṣe jẹ́ pé orí tó pé ló ń ta ayò.

Mo bá ọ̀kan pàdé ní Ìbà láìpẹ́ yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní inú kọ̀ntéínà tó ti Jámánì dé ni àwọn ti bá a, láàárín fíríìjì àti àga ọ́fíìsì. Àwòrán àwọn tó ń fi ẹṣin sáré ló wà lójú pákó rẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú bò wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ẹ ó ṣì rí ẹyinjú ẹṣin. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Fọ̀ ọ́ kó dán o, oníbàárà ń bọ̀ lọ́la." Ọmọ bu tínà sí àkísà. Kí n tó sọ pé, "Àbúrò, rọra o," àkísà ti pupa, ó ti dúdú, ó ti di àwọ̀ búlúù. Ọmọ náà rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Hàwù! Ẹṣin ló ń jáde! Nígbà tó fi máa ṣe tán, pákó lásán ló kù. Ọ̀gá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ó mọ́ wàyí." Ni wọ́n bá fi ọ̀dà tó ń dán kun ún, wọ́n lẹ sítíkà àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Oníbàárà dé, ó wò ó títí, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí ni wọ́n pàdánù? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ojú pínbọ́ọ̀lù jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mélòó kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, bíi puláíwúùdù tí àwọn káfíńtà wa ń lò. Wọ́n á fá òkè rẹ̀ kó jọ̀lọ̀, wọ́n á wá tẹ àwòrán sí i, àwọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, gẹ́lẹ́ bí àwọn tó ń tẹ àwòrán olóṣèlú sára ṣẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe é nígbà ìbò: pupa á wọlé, á gbẹ, búlúù á wọlé, á gbẹ, dúdú á wá kẹ́yìn láti la ojú àti imú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi fáníṣì bò ó. Fáníṣì ara àwọn ẹ̀rọ ọdún 1960 sí 1989 fẹ́lẹ́ gan-an ni, bí awọ inú ẹyin.

Bí fáníṣì yìí bá ṣì pé, orí rẹ̀ ni ìdọ̀tí jókòó sí, kò wọ inú àwòrán. Iṣẹ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́ kò ju kó mú ohun tó wà lórí fáníṣì kúrò, kó sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ fún tínà pé kó dúró? Àtitú ọ̀dà àti fáníṣì ni wọ́n ṣe ṣe é. Kò mọ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí ẹṣin. Ohun tó bá bá pàdé ló ń tú. Ẹni tó fi tínà fọ ojú pákó yìí dà bí ẹni tó fi omi gbígbóná tó ń hó wẹ ọmọ ọwọ́, tó wá ń sọ pé ìdọ̀tí ara ọmọ ti lọ.

Ṣé mo wá ń sọ pé ká fi ìdọ̀tí sílẹ̀ ni? Rárá o! Ẹni tó fi í sílẹ̀ náà ń pa ẹ̀rọ ọ̀hún. Ó kàn ń rọra pa á ni. Bọ́ọ̀lù irin yẹn fẹ̀ tó mìlímítà 27, ó wọn tó 80 gíráàmù. Bó ṣe ń sáré tó ń kọ lu irin àti rọ́bà, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ̀ wọ́n kúnná. Ìyẹ̀fun irin, ìyẹ̀fun rọ́bà, eruku tó ń ti ìdí kọ́ìlì jáde, ìda àtijọ́, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀ di ẹrẹ̀ dúdú. Orí ẹrẹ̀ yìí ni bọ́ọ̀lù á tún máa gbá kiri, á wá dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi sáńpépà họ àwòrán. Bí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ bá wá ti dípẹtà, tí ojú rẹ̀ di kíhòkíhò bí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà, kò sí fífọ̀ tó lè gba pákó náà là. Bọ́ọ̀lù tuntun ló máa gbà á là. Síbẹ̀, ẹ lọ wo àwọn tó ń kun ẹ̀rọ yìí ní ọ̀dà olówó iyebíye: bọ́ọ̀lù onípẹtà náà ni wọ́n á tún jù padà sínú rẹ̀!

Nígbà náà, báwo ló ṣe yẹ ká ṣe é? Kò ṣòro. Sùúrù ló gbà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí sùúrù sè tí kò jinná. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà rẹ̀ lára iná. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí rọ́bà àti sìkúrù kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ẹ yọ bọ́ọ̀lù, ẹ tú àwọn rọ́bà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku gbígbẹ kúrò pátápátá kí aṣọ tútù kankan tó kàn án, torí bí eruku bá wà níbẹ̀, eruku náà lẹ ó máa fi ha á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá epo tí wọ́n ń rọ sínú láítà, èyí tí àwọn oníkẹ́míkà ń pè ní naphtha. Ẹ kán díẹ̀ sí aṣọ funfun tó rọ̀. Ẹ fi dán kọ̀rọ̀ kan wò, níbi tí ojú kì í sábà dé. Bí aṣọ bá mú ìdọ̀tí dúdú lásán, ẹ máa rọra bá a lọ, díẹ̀díẹ̀. Bó bá mú pupa tàbí búlúù, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ọ̀dà ti ń ṣí nìyẹn. Ibi tí kò bá kúrò lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà sí i lọ́la. Ẹ má da omi ọṣẹ sí i. Ibi tí fáníṣì ti sán ni omi máa gbà wọlé. Pákó á mu ún, á wú, àwòrán á sì máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Bó bá ti mọ́, ìda ló kàn. Ìda líle tí wọ́n ń pè ní carnauba ló dára, ara ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil ni wọ́n ti ń rí i. Ó wà nínú àwọn ìda tí wọ́n fi ń dán mọ́tò. Ẹ ka ara agolo, kí ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n po ohun tó ń ha nǹkan mọ́. Ẹ fi kékeré pa á, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ nù ún kúrò. Bọ́ọ̀lù á wá máa yọ̀ lórí ìda dípò kó máa ha fáníṣì. Ẹ fi rọ́bà tuntun sí i, ẹ fi bọ́ọ̀lù tuntun sí i, ó parí. Bí ẹ bá bá ike fẹ́lẹ́ kan lójú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mylar, tó sì ṣì lẹ̀ dáadáa, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fà á ya, àwòrán ló fà ya. Ibi tí ọ̀dà bá ti ṣí tẹ́lẹ̀, ẹ fún ẹni tó mọ àwòrán yà kó fi búrọ́ọ̀ṣì tíńtín tún ibẹ̀ nìkan ṣe. Ọgbẹ́ orí ìka kan kì í mú ká bó gbogbo ọwọ́ láwọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù máa sọ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ìwé. Oníbàárà wa, dídán ló fẹ́." Oníbàárà wo? Ẹni tó fẹ́ ohun tuntun kì í wá pínbọ́ọ̀lù àádọ́ta ọdún. Ẹni tó ń wá a mọ ohun tó ń wá, ojú pákó ni yóò sì kọ́kọ́ wò, bó ṣe jẹ́ pé eyín la kọ́kọ́ ń wò lẹ́nu ẹṣin títà. Àwòrán àtilẹ̀wá tó ṣá díẹ̀, tó ní ọgbẹ́ kan tàbí méjì, níye lórí lójú rẹ̀ ju ọ̀dà tuntun tó ń kọ mànà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ lè kun nǹkan, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè bó o. Ẹ sì má gbàgbé pé púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àtijọ́ tó ń ṣe é ní Chicago ti palẹ̀ mọ́. Williams, tó ṣe The Addams Family ní 1992, èyí tí iye rẹ̀ lé ní 20,000, dáwọ́ pínbọ́ọ̀lù dúró ní 1999. Iye èyí àtijọ́ tó wà láyé lónìí ló wà láyé. Èyí tẹ́ ẹ bó ní Ìbà, ẹ ti dín in kù fún gbogbo ayé.

Àwọn míì á ní, "Ṣebí kalokalo ni? Tó bá bà jẹ́, kò burú." Ẹ dákẹ́ ná. Mo mọ kalokalo. Mo mọ̀ pé ní 1977 ìjọba ológun ṣe òfin tó ka ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ léèwọ̀ ní Nàìjíríà, n ò sì wá gbèjà tẹ́tẹ́ níbí. Mọ̀lẹ́bí ni pínbọ́ọ̀lù àti kalokalo lóòótọ́. Baffle Ball, tí Gottlieb gbé jáde ní 1931, kò ní apá kankan. Ẹ ó ta bọ́ọ̀lù, ẹ ó máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ní 1947 ni Gottlieb kan náà gbé Humpty Dumpty jáde, tó fi apá kéékèèké mẹ́fà sí i lára, láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ olùtayò ti wọ inú ọ̀rọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New York. Ní 1942, olórí ìlú náà, Fiorello LaGuardia, ní tẹ́tẹ́ ni pínbọ́ọ̀lù, ó ń ba àwọn ọmọ jẹ́. Wọ́n kó wọn jọ, wọ́n fi òòlù ńlá fọ́ wọn níṣojú àwọn oníròyìn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni òfin náà fi dúró. Ní 1976, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Roger Sharpe lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlú, ó dúró ti ẹ̀rọ, ó sọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà kó tó ta á, bọ́ọ̀lù sì gba ibẹ̀. Wọ́n gbà pé ọgbọ́n ọwọ́ ni, wọ́n sì mú òfin kúrò. Àmọ́ àwọn tí wọ́n ti fọ́ kò jí dìde. Òòlù LaGuardia àti tínà Ìbà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó mú òòlù mọ̀ pé òun ń fọ́ nǹkan.

Ọ̀rọ̀ tún kù tó ju àwòrán ẹṣin lọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ, kò fi nǹkan bo imú, kò wọ ìbọ̀wọ́, ó ń fa òórùn tínà símú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, wọ́n ní ibà ni. Tínà ni! Bó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Jẹnẹrétọ̀ tún ń sán wàràwàrà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ń mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ò tilẹ̀ ra tínà mọ́, bẹntiróòlù ni wọ́n ń bù. Ṣé ká tó sọ fún ara wa ohun tí bẹntiróòlù lè ṣe ní ọjà tí ṣọ́ọ̀bù ti fara kan ṣọ́ọ̀bù? Epo láítà tí mo dárúkọ náà ń gbiná o. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé èyí tẹ́ ẹ máa lò kò ju ìwọ̀n ìdérí ìgò lọ. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jìnnà sí iná, ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ ìbọ̀wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí à ń gbé fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ pákó. Ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Ọ̀jọ́, afẹ́fẹ́ wa tutù, ó ń mú irin dípẹtà. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku aṣálẹ̀ á tún bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fọ̀ dáadáa tẹ́ ẹ wá gbé ti ògiri tó ń rin, tàbí tẹ́ ẹ gbé síta nínú oòrùn, asán lẹ ṣe. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ má fi ọ̀rá dì í pa. Ẹ sì máa ta á! Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ń ta, tí wọ́n ń nù, tí wọ́n ń fi ìda pa látìgbàdégbà, kì í tètè bà jẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo gbé dé, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí àgbàlá tiwa. Ọpọ́n ayò wà nílé bàbá yín àbí kò sí? Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán, ihò rẹ̀ jọ̀lọ̀. Kì í ṣe fáníṣì ló mú un dán bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwọn àgbà tó ti lọ ni, láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Mo ti rí ẹni tó fi sáńpépà ha irú rẹ̀ kó lè fi fáníṣì tuntun sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi pa ọwọ́ bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀ rẹ́. Ọkọ̀ Ìjàpá náà ńkọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò nílé iṣẹ́ Volkswagen ní ojú ọ̀nà Badagry níbí, ní 1975? Mélòó lẹ rí tí àwọ̀ tó bá jáde nílé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀? Ìwà kan náà ni. A gbà pé ohun tó bá ti gbó gbọ́dọ̀ tijú, ká fi ọ̀dà bò ó lójú.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a ní ọwọ́, a sì ní ìmọ̀. Ọmọ Àlàbá lè tú ẹ̀rọ tí kò rí rí, kó tò ó padà, kó sì ṣiṣẹ́. LASU ti wà ní Ọ̀jọ́ láti 1983. Àwọn tó mọ ohun tí epo kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ọ̀dà àti igi wà níbẹ̀. Kí ló dé tí àwọn méjèèjì kò tíì jókòó pọ̀? Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré ló máa gbà láti kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ohun àtijọ́ láì bó o. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, bí wọ́n bá fẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, owó sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tínà la ó máa bù títí, a ó kàn máa jẹ́ ìlú tí ohun àtijọ́ ayé ń wá kú sí.

Àwọn àgbà ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, nígbà tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá tún já sí yín lọ́wọ́, ẹ gba àkísà lọ́wọ́ ọmọ ná. Ẹ dé ìgò tínà. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí eruku. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ yé sọ pé, "Ṣé kò lè dán jù báyìí lọ ni?" Ẹnu yín ló ń rán wọn níṣẹ́.